Ìtàn ogun àti idán tó korò bí ewúro: kí ló ń mú yín kà á dópin, kí ló ń mú yín jù ú sílẹ̀?

Akọ̀wé_Àṣerò
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń kọ ìtàn gígùn kan lédè Yorùbá, irú èyí tí ogun, ọ̀tẹ̀ ààfin, oògùn àti irúnmọlẹ̀ pọ̀ nínú ẹ̀, tí kò sì sí ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ mọ́ pátápátá. Àwọn òyìnbó ń pe irú ẹ̀ ní grimdark. Abẹ́ àpáta ni ìlú inú ìtàn náà wà. Mi ò pè é ní Olúmọ o, àmọ́ ọmọ Ẹ̀gbá tó bá kà á máa mọ ibi tí mò ń lọ. Ìwé márùn-ún ni mo ní lọ́kàn. Mo ti kọ orí mọ́kànlá nínú ti àkọ́kọ́, èèyàn márùn-ún ni ìtàn ń gba ojú wọn wò ó, kálukú ní orí tiẹ̀.

Wàhálà mi rèé: mo fún ọ̀rẹ́ mi méjì ní orí mẹ́ta kà. Ọ̀kan ní ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìkejì ní ẹ̀jẹ̀ ò tó, pé ó dà bí àlọ́ tí wọ́n ń pa fọ́mọ jẹ́léósinmi. Orí kan náà ni wọ́n kà o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ka irú ìwé yìí, tàbí tẹ́ ẹ wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, kí lẹ fẹ́ràn níbẹ̀, kí ló sì máa ń bí yín nínú? Ẹ má pọ́n mi lé rárá.

Ìyá_Aládìrẹ
Àbúrò, o kú iṣẹ́. Ìtòkú ni ìsọ̀ mi wà, orí fóònù ni mo ti ń kàwé tí ọjà bá dá. Mo ti ka márààrún tó ti jáde nínú A Song of Ice and Fire, ìtàn George R. R. Martin tí wọ́n fi ṣe Game of Thrones lórí tẹlifíṣọ̀n. Lọ́jọ́ kan, yáàdì mẹ́rin ni mo gé fún oníbàárà tó sanwó márùn-ún, torí ọ̀dọ̀ ọmọ kékeré kan tí wọ́n tì láti ojú fèrèsé lọkàn mi wà. Èmi ni mo bẹ̀bẹ̀, èmi náà ni mo fi èènì lé e.

Ohun tí mo fẹ́ràn ni ìyẹn gan-an. Ọkùnrin tó ti ọmọ yẹn, mo kórìíra ẹ̀ fún odindi ìwé méjì, mo sì ń ṣépè fún un níbi tí mo jókòó sí. Ìgbà tó di ìwé kẹta ni òǹkọ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jẹ́ ká wọ inú ọkàn ẹ̀. Kí n tó mọ̀, àánú ẹ̀ ti ń ṣe mí. Inú bí mi sí ara mi! Ta ló rán mi ní àánú? Àmọ́ èmi tí mo ní mi ò ní dárí jì í, mi ò mọ ibi tí mo gbé ìbínú náà sí mọ́. Tó o bá lè ṣe irú ẹ̀ fún mi lédè Yorùbá, màá ra ìwé ẹ fún gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ́jà.

Ohun tí mo kórìíra ni ìkà tí kò nídìí. Ẹni tó kàn ń dáná sun abà, tó ń rẹ́rìn-ín kẹ̀kẹ̀. Àwọn ìkà tí èmi mọ̀ láyé, wọ́n máa ń kí èèyàn dáadáa láàárọ̀.

Sọ̀rọ̀_Kóo_Lọ
Orúkọ o! Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá wa fi orúkọ ṣàánú. Adéwálé, Adéyẹmí, Adéṣínà, Adégòkè, gbogbo wọn lọmọ ọba, gbogbo wọn ló ń du ìtẹ́ kan. Ọjọ́ wo ni mo fẹ́ mọ ẹni tó kú nínú wọn? Ẹ fún ọ̀kan ní orúkọ ìnagijẹ, kẹ́ ẹ fọ́ ojú ìkejì.

Ẹ̀gbọ́n_Láfẹ́nwá
Ẹ̀jẹ̀ ò ṣe mí ní nǹkan. Ohun tó ń ṣe mí ni pé nínú ọ̀pọ̀ ìwé wọ̀nyí, ọ̀kẹ́ kan ọmọ ogun á rìn fún ogún ọjọ́, mi ò ní rí ìkòkò kan ṣoṣo lórí iná. Ta ló ń gún iyán fún wọn? Ta ló ru iṣu? Nígbà tí wọ́n jẹ oko abúlé kan tán, kí làwọn ará abúlé yẹn jẹ lóṣù tó tẹ̀ lé e?

Àbúrò, ìlú tó o wà yìí ni wọ́n ti ja irú ogun yẹn. Lọ́dún 1851, ọmọ ogun Dahomey wá ká Abẹ́òkúta mọ́lé, àwọn obìnrin ajagun wà nínú wọn, Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Wọ́n tún wá ní 1864, wọ́n tún gba ẹ̀yìn lọ. Odi amọ̀ àti yàrà ni ìlú fi dáàbò bo ara ẹ̀. Mo wá ń rí ọmọ Yorùbá tó ń kọ ìtàn ogun, ilé olókùúta gíga tí yìnyín bò ló ń ṣàpèjúwe. Nígbà wo ni yìnyín bọ́ sí Adátán?

Ogun Kiriji láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ńkọ́? 1877 ló bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ 1893 ni wọ́n tó tú ibùdó ká. Ọdún mẹ́rìndínlógún! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí wọ́n yìnbọn àkọ́kọ́ ti tó ru ìbọn kó tó tán. Àwọn jagunjagun ń kọ́lé, wọ́n ń dáko, wọ́n ń bímọ síbùdó. Ẹ sì jẹ́ ká sọ òótọ́ ara wa: Ẹ̀gbá tiwa yìí ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn, kí iyọ̀ àti ẹ̀tù má bàa dé ọ̀dọ̀ wọn láti etíkun. Iyọ̀ lásán! Bí mo bá ń kọ ìtàn tí kò sí ẹni rere níbẹ̀, ẹnu ibodè yẹn ni màá ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ oníbodè tó mọ̀ pé ọmọ àbúrò òun wà lára àwọn tí iyọ̀ ò ní dé ọ̀dọ̀ wọn. Mi ò nílò dírágónì kankan níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Alábàtà
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ má ba ọwọ́ bọ̀ọ̀dá jẹ́ o. Ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ wọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ò tó lèmi wà. Nínú gbogbo fíìmù tí mo wò dàgbà, ákítọ̀ kì í kú. Ọgọ́rùn-ún èèyàn á yìnbọn sí i, etí ni ọta á bà. Nínú irú ìtàn yìí, ákítọ̀ máa ń kú, nígbà míì kí ìwé tó dé ìdajì. Ìyẹn ló ń mú kí àyà mi máa já bí mo ṣe ń ṣí ojú ewé. Tẹ́ ẹ bá yọ ìyẹn kúrò, kí ló kù? Ìkòkò iṣu?

Ìyá_Aládìrẹ
Ọmọ mi, mo gbọ́. Àmọ́ ikú tó bá ti di ojoojúmọ́ kì í dẹ́rù ba èèyàn mọ́. Ìwé kan wà tí mo kà dé ìdajì. Èèyàn mẹ́rìnlá ni òǹkọ̀wé ti pa. Nígbà tó máa pa ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀pà mi ni mò ń jẹ lọ. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ orin tó máa ń kọ tó bá ń fọ abọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, pa á tó bá wù ẹ́.

Nọ́ọ̀sì_Ìdí_Àbà
Ẹ kú ìjókòó o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ alẹ́ dé ni, ẹ fara da ohùn mi.

Tí wọ́n bá fi idà gún akọni níkùn lálẹ́ ọjọ́ Ajé, tó wá wà lórí ẹṣin láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ti pa ìwé yẹn dé nìyẹn. Ìfun tó bá ti lu, ìgbẹ́ á tú sínú ikùn, inú á wú, á le bíi pátákó, ara á máa jó bí iná. Níbi tí kò sí iṣẹ́ abẹ, tí kò sì sí oògùn tó ń pa kòkòrò, ọ̀pọ̀ wọn ò ní rí ọ̀sẹ̀ méjì. Ká tiẹ̀ fi ìyẹn sílẹ̀. Ìṣó lásán tó wọ ẹsẹ̀ lè mú kí àgbọ̀n èèyàn tì pa, kí gbogbo ara máa fà, kí ẹ̀yìn tẹ̀ kọdọrọ bí ọrun, kí orí ẹni náà sì pé títí dópin. Ẹni tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan ò ní bèèrè ejò olórí méje mọ́.

Nítorí náà, Akọ̀wé, jẹ́ kí egbò máa rùn. Jẹ́ kí ẹni tí ọfà bà léjìká má lè na ọwọ́ yẹn gba àwo lórí àjà mọ́, kódà nínú ìwé kẹta. Jẹ́ kí ẹni tí wọ́n gé lọ́wọ́ máa jí lóru láti họ ìka tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún wọn lóòótọ́, a máa ń rí i.

Èkejì, èyí ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Ó ti sú mi kí wọ́n máa fipá bá obìnrin lò nínú ìtàn kí ọkọ ẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin lè rí ohun tó máa bínú sí. Ọkùnrin á mú idà, a máa bá a lọ, a ò ní gbọ́ nípa obìnrin náà mọ́. Tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní “bí ayé ìgbà yẹn ṣe rí nìyẹn.” Bẹ́ẹ̀ ni, ayé ìgbà yẹn ní ìgbẹ́ ọ̀rìn náà, wọn kì í kọ ìyẹn. Tí ìwọ bá gbọ́dọ̀ kọ ọ́, ọ̀dọ̀ obìnrin yẹn ni kó o dúró sí: ní ọjọ́ kejì, ní oṣù kẹta, ní ọjọ́ tí ẹnì kan fẹ́ fẹ́ ẹ. Tó ò bá ṣe tán láti dúró níbẹ̀, má dé ibẹ̀ rárá.

Akẹ́kọ̀ọ́_Alábàtà
Àǹtí Nọ́ọ̀sì, mo gbà fún yín lórí èkejì, kò sí àríyànjiyàn. Àmọ́ ti ikùn yẹn, ẹ ti ba ìwé mẹ́ta jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ báyìí.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti àárọ̀, ẹ kú làákàyè. Mi ò mọ púpọ̀ nínú àwọn ìwé òyìnbó tẹ́ ẹ ń dárúkọ. Ọmọ-ọmọ mi gbé ọ̀kan wá ọ̀dọ̀ mi ní Ìbarà, mo ka igba ojú ewé, mo sì gbádùn ẹ̀ ju bí mo ṣe jẹ́wọ́ fún un lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bí ẹni pé àlejò ni ìtàn báyìí nílẹ̀ yìí. 1938 ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ti Fágúnwà jáde. Amos Tutùọlá tó kọ The Palm-Wine Drinkard, tí wọ́n tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, ọmọ Abẹ́òkúta níbí ni, 1920 ni wọ́n bí i.

Ohun tí mo fẹ́ sọ jẹ mọ́ oògùn. Mo kórìíra oògùn tí kò léèwọ̀. Ẹni tó ní ayẹta, kí ni kò gbọdọ̀ jẹ? Ẹni tó ní òkígbẹ́, ta ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan orí ẹ̀? Ẹni tó fi egbé kúrò lójú ogun, kí ló fi sílẹ̀ níbẹ̀? Èèwọ̀ yìí gan-an ni ìtàn. Ẹ wò ó: bí balógun kan bá ní ayẹta tó pé, ọ̀tá ẹ̀ ò ní wá ìbọn tó tóbi jù ú lọ, ẹni tó ń se ọbẹ̀ fún un ló máa wá. Ìyàwó kékeré tí wọ́n fi iyì gbé lọ́dún tó kọjá, tó ti wá di ẹni ìgbàgbé báyìí, ṣé kò mọ ohun tí ọkọ òun kì í jẹ? Ojú ogun ti kó wá sí ilé ìdáná nìyẹn. Òǹkàwé á máa bẹ̀rù abọ́ ọbẹ̀.

Mo tún gbọ́ tí wọ́n ń ráhùn lórí “ọmọ tí a ti sọ tẹ́lẹ̀,” ìyẹn ọmọ àgbẹ̀ kan tí àsọtẹ́lẹ̀ ní yóò gba ayé là. Ó ti sú ọ̀pọ̀ èèyàn, mo sì mọ ìdí ẹ̀. Bí ó bá ti dájú pé yóò borí, kí la wá ń wò? Ṣùgbọ́n àsọtẹ́lẹ̀ tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí ẹsẹ Ifá. Wọ́n á dá Ifá fún ẹnì kan, Ifá á sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń lọ, á sì sọ ẹbọ tí yóò rú. Nígbà náà ni ìtàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ó gbẹ́bọ, ó rú, tàbí ó gbẹ́bọ, kò rú, tàbí ó rú èyí tó rọrùn, ó fi èyí tó ro ó lọ́kàn sílẹ̀. Ọwọ́ ẹni náà ni gbogbo ẹ̀ kù sí. Akọ̀wé, bí o bá fẹ́ kí ìtàn ẹ korò, má pa àsọtẹ́lẹ̀ náà rẹ́. Jẹ́ kí ẹbọ náà gbówó lórí. Jẹ́ kó jẹ́ ohun tí èèyàn rere kan lè kọ̀ láti rú, kí a má lè dá a lẹ́bi, kí ìlú sì tìtorí ẹ̀ jóná.

Ọ̀tẹ̀ ńkọ́? Ìtàn àtẹnudẹ́nu wa sọ pé ẹgbẹ́ àáró ni Lísàbi, akọni tó gba Ẹ̀gbá lọ́wọ́ Ọ̀yọ́, fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ń bá ara wọn roko, lónìí lóko tèmi, lọ́la lóko tìẹ, Ọ̀yọ́ ò sì fura. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ pọ́n, àwọn aláàáró yẹn náà ló dojú kọ àwọn ìlàrí, ìyẹn ìránṣẹ́ Aláàfin. Wọ́n tún ní ọwọ́ àwọn ará ilé ẹ̀ ló kú sí nígbẹ̀yìn. Ó gbà wọ́n lóko ẹrú, wọ́n sì pa á. Èwo ló tún korò jù ìyẹn?

Ẹ dákun, ẹ fi àmì ohùn sí ìwé yín. Bí o bá kọ “igba” láìlámì, ṣé igbá ni, ṣé ìgbà ni, àbí ọgọ́rùn-ún méjì? Nínú ọfọ̀, ẹni tó bá ṣi ohùn pè ti ṣi oògùn lò.

Kò_Parí_Mi_Ò_Rà
Ẹ kú ọgbọ́n, bàbá wa. Èmi ò ní ọgbọ́n, ìbínú ni mo ní. 2011 ni ìwé karùn-ún Martin jáde. Àwọn onítẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ tiwọn lọ́dún yẹn náà, wọ́n parí ẹ̀ ní 2019, a ṣì ń retí ìwé kẹfà. Patrick Rothfuss kọ ọ̀kan ní 2007, ìkejì ní 2011, ẹ̀kẹta ò tíì dé. Robert Jordan bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní 1990, ó kú ní 2007, Brandon Sanderson ló fi àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀ parí ẹ̀ ní 2013, ìwé mẹ́rìnlá. Mi ò bú ẹnì kankan, ọwọ́ tó ń kọ̀wé máa ń rẹ̀. Àmọ́ owó mi náà máa ń rẹ̀. Joe Abercrombie kọ mẹ́ta, 2006, 2007, 2008, ó tán. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni mò ń rà.

Akọ̀wé, márùn-ún ti pọ̀ jù. Sọ ọ́ di mẹ́ta. Kọ ìkejì tán kó o tó ta àkọ́kọ́. Kí ìwé kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tí òǹkàwé lè mí sí, má ja okùn mọ́ wa lọ́wọ́ lójú ewé tó kẹ́yìn kó o wá lọ sùn.

Onítẹ̀wé_Kútọ̀
Mo fara mọ́ ẹni tó sọ̀rọ̀ tán yìí, ìdí tèmi yàtọ̀. Ìwé tó bá ki tó ẹgbẹ̀rin ojú ewé, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù nìkan lẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀, bó bá ti dé ọwọ́ ẹnì kẹta, ewé á máa já bọ́. Ẹni tó bá fẹ́ nípọn, kó ní kí wọ́n rán an, owó ẹ̀ sì yàtọ̀. Ojú ewé mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún la sábà máa ń tẹ̀, torí náà bí ìwé ẹ bá fi ojú ewé méjì kọjá, òfìfo mẹ́rìnlá lo máa sanwó fún. Fi máàpù kún un. Àwọn tó ń ka irú ìwé yìí fẹ́ràn máàpù bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn súìtì, kó sì jẹ́ èyí tó bá ìtàn mu. Mo ti tẹ èyí tí odò ń ṣàn gòkè.

Lórí ọ̀rọ̀ Tíṣà: kó o tó gbé iṣẹ́ wá, yẹ fọ́ǹtì ẹ wò. Ọ̀pọ̀ wà tí àmì orí ẹ́ àti ọ̀ máa ń fò kúrò lórí lẹ́tà lọ sórí èyí tó tẹ̀ lé e. Wo ojú ewé kan lórí bébà, má gbẹ́kẹ̀ lé ojú kọ̀ǹpútà.

Sọ̀rọ̀_Kóo_Lọ
Ẹ̀fẹ̀ náà o! Kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á. Àwọn tó ń lọ ogun máa ń dápàárá, ojú òkú gan-an làwọn èèyàn wa ti ń dá a. Ìwé tí gbogbo èèyàn inú ẹ̀ ń fajú ro láti orí kìíní, bí ẹni tí NEPA mú iná lọ mọ́ lọ́wọ́, ó máa ń sú mi kíá.

Akọ̀wé_Àṣerò
Mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Láti àná ni mo ti ń gé nǹkan. Àwọn márùn-ún tí ìtàn ń gba ojú wọn ti di méjì: oníbodè kan (Ẹ̀gbọ́n Láfẹ́nwá, ẹ má bínú, mo jí i) àti obìnrin tó ń se ọbẹ̀ fún balógun. Balógun náà ò jẹ ẹja àrọ̀ mọ́. Ọmọ ọba tí mo ní kí wọ́n gún níkùn, itan ni wọ́n gún báyìí, ó ń tiro, ó sì ń bínú sí ẹni tó bá rìn kánkán. Ìwé márùn-ún ti di mẹ́ta. Bàbá Tíṣà, mo ń fi àmì sí i lọ́wọ́, ó ń gba àkókò ju kíkọ lọ.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ bi yín. Obìnrin alásè yẹn ní ìyá àgbà kan tó tọ́ ọ dàgbà. Mo fẹ́ kó kú nínú orí kẹsàn-án. Ṣé kí n pa á?

Akẹ́kọ̀ọ́_Alábàtà
Pa á.

Ìyá_Aládìrẹ
Tó o bá pa ìyá àgbà yẹn, má wá ra aṣọ nísọ̀ mi o. Ṣé ó ń kọrin tó bá ń fọ abọ́?

Akọ̀wé_Àṣerò
Kì í kọrin, mọ̀mí. Ó máa ń bá àwọn abọ́ náà wí ni, ó ní wọ́n ya ọ̀lẹ.

Nọ́ọ̀sì_Ìdí_Àbà
Kí ló máa pa á?

Akọ̀wé_Àṣerò
Ebi ni. Wọ́n ti ọ̀nà. Ó ń sọ fún ọmọ-ọmọ ẹ̀ lójoojúmọ́ pé òun ti jẹun kó tó dé. Ìgbà tí ọmọ náà dé tó bá abọ́ ìyá ní gbígbẹ, tí eruku ti wà nínú ẹ̀, ló tó mọ̀.

Ìyá_Aládìrẹ
Ọmọ yìí.

Ìyá_Aládìrẹ
Fi orí kẹsàn-án yẹn ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ òní. Ọ̀la kì í ṣe ọjọ́ ọjà.